Orí Mi Kì Í Ṣe Àtùpà

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé nǹkan kan ń hù nínú orí yín, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Mo wà láàyè, mò ń jẹ, mò ń mu, inú sì ń bí mi. Ìbínú yẹn lẹ máa rí jù nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, nítorí pé àìsàn nìkan kọ́ ló fẹ́ pa mí. Àwọn tó fẹ́ràn mi náà bá a dá sí i.

Sàfúrátù lorúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Kùmásì ni wọ́n bí mi sí, ní Aboabo, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ nígbà tó ń ta abọ́ tánganran. Inú ilé yẹn náà ni mò ń gbé lónìí. Ìṣó, àgádágodo àti irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù ni mò ń tà fún àwọn káfíńtà ní Anloga Junction. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ òórùn rẹ̀: igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, gúlúù, fáníìṣì, èéfín ọkọ̀. Mo ti jókòó sínú òórùn yẹn pẹ́ débi pé n kì í gbọ́ ọ mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ tí òórùn mìíràn dé. Ọ̀sán gangan ni. Mò ń di ìṣó sínú bébà fún oníbàárà kan nígbà tí mo gbọ́ òórùn òwú àtùpà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa. Ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Àtùpà oníkẹrosíìnì ni mò ń wí, èyí tí a máa ń gbé gíláàsì rẹ̀ sókè kí a tó fẹ́ ẹ fúù. Iná á kú, òwú á ṣì máa pọ́n díẹ̀, èéfín tín-ín-rín kan á wá gòkè. Èéfín yẹn ní òórùn tirẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó jọ ọ́.

Mo bojú wẹ̀yìn. Mo bi Kofi, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi, bóyá ó tan àtùpà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń lo àtùpà láyé yìí, pé bí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì inú fóònù ni gbogbo ayé ń tàn. Kó tó sọ ọ́ tán, òórùn náà ti lọ. Inú mi ru sókè bí ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò lójijì, lẹ́yìn náà ló wá rẹ̀ mí. Mo jókòó, mo mu omi, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé òórùn bàbá mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, iná mànàmáná ò tíì dé apá ọ̀dọ̀ wa. Bàbá ló máa ń kọ́kọ́ jí. A máa gbọ́ ìró omi nínú bùtá tó fi ń ṣe àlùwàlá, a máa gbọ́ bàtà rẹ̀ tí wọ́n fi táyà ṣe, pà, pà, pà, lórí sìmẹ́ńtì, òun àti àtùpà rẹ̀ á sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Àwa ọmọ ṣì wà lórí ẹní. Tó bá máa fi dé, ojúmọ́ á ti máa mọ́. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, á gbé gíláàsì sókè, á fẹ́ iná pa. Òórùn yẹn ló ń jí wa, kì í pè wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn nǹkan yòókù máa ń tò tẹ̀lé ara wọn: ohùn obìnrin Hausa tó ń kiri kókó, ẹ̀kọ gbígbóná tiwọn, atalẹ̀ àti ata inú kókó náà tó máa ń ta wá nímú, kósé, àkàrà wọn, tó ń han nínú òróró gbígbóná, fèrè ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀nà jíjìn, òórùn kanfọ̀ láti inú àpótí tí ìyá wa ń kó aṣọ ọdún sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a kúrò ní Gáná, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé wọn, bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹrù ti wà nínú lọ́rì. Ó fẹ́ àtùpà rẹ̀ pa, ó fi í kọ́ ìṣó tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní a ń bọ̀. Àwa ọmọ padà nígbẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Asante, ló bá wa tọ́jú ilé náà. Àtùpà ti lọ, ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Bàbá kò padà. Ògbómọ̀ṣọ́ ló kú sí, ibẹ̀ la sì sin ín sí.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé mo sọ fún àbúrò mi, Sáúdátù. Sáúdátù kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀gbọ́n wa, Àlàájì Ráájì, tó jẹ́ àgbà gbogbo wa, ti gbọ́. Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n kírun tán, wọ́n ya lu ilé mi: Àlàájì, àwọn ìyàwó rẹ̀, Sáúdátù, àti àáfà kan tí n kò mọ̀ rí. Àlàájì jókòó, ó di ọwọ́ mi mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá ti padà wálé. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi ń ṣàdúà nítorí pé Bàbá kú síbi tí ọkàn rẹ̀ kò sí, Ọlọ́run ti gbọ́, ó sì ti gba imú mi wọlé.

Kí ni ẹ fẹ́ kí n wí? Àgbàlagbà ni, ó ń sunkún. Mo ní àmín.

Wọ́n ṣe sàráà, wọ́n dín wáínà, àkàrà ìrẹsì, wọ́n pín in yí àdúgbò ká. Wọ́n sun tùràrí láti fi kí Bàbá káàbọ̀, ó pọ̀ débi pé bí Bàbá bá ti ẹ̀ wá lóòótọ́, ikọ́ ni ì bá lé e padà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á jókòó yí mi ká, wọ́n á máa wò mí lójú bí èrò tó ń retí ọkọ̀. Bí mo bá kàn dákẹ́ láti gbé itọ́ mì, Sáúdátù á ní, "Ó ti dé?" Bí ó bá wá dé lóòótọ́, wọ́n ní ojú mi máa ń dúró síbì kan, mo máa ń pọ́n ètè lá, ọwọ́ mi á sì máa ṣa nǹkan tí kò sí lára aṣọ. Àwọn tó fẹ́ràn mi rí èyí pẹ̀lú ojú ara wọn. Ohun tí wọ́n rí sọ kò ju pé, "Ẹ má dí i lọ́wọ́, ó ti lọ bá Bàbá."

N kò ní purọ́, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e dùn. Bí mo bá ti dá wọn lóhùn pé mo gbọ́ ọ, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í mú tirẹ̀ wá. Sáúdátù á rántí koríko gbígbẹ tí wọ́n fi ń di abọ́ tánganran nínú àpótí, bí a ṣe máa ń kó o jọ fi ṣe tìmùtìmù, tí gbogbo ara á máa yún wa. Àlàájì á rántí áyọ́ọ̀nù eléèédú tó máa ń ta iná sí aṣọ funfun, àti bí àwọn abọ́ ṣe ń dún lórí àwọn aláàárù láti òpin àdúgbò, tí a ó fi mọ̀ pé ọjà ti dé. Èmi á rántí omi inú garawa, bó ṣe máa ń ní adùn irin díẹ̀. Wọ́n á jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ tí wọ́n fi ń bo rédíò. Wọ́n á jẹun, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sunkún, wọ́n á lọ. Èmi tí mo ń ṣàìsàn ló máa ń fọ abọ́.

Nígbà tó yá, òórùn náà kò dúró de Jímọ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń dé. Orí ń fọ́ mi láàárọ̀ kí n tó dìde. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Mo di àgádágodo mú lọ́wọ́, n kò rántí ohun tí wọ́n ń pè é ní Yorùbá, ní Twi tàbí ní Hausa. Oníbàárà ní kí n fún òun ní ìṣó, mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Ọmọ mi obìnrin, Ràbí, tó ń ta ìpápánu fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ayigya, wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó sì bá mi bí mo ṣe ń pọ́n ètè lá. Kò jókòó. Ó ní kí n múra ká lọ sí ọsibítù.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ní ẹbí. Àlàájì ní hàntú ni kí n máa mu, omi tí wọ́n fi fọ wàláà tí wọ́n kọ Kùránì sí. Mo mu ún títí eyín mi fi dúdú. Sáúdátù ní òróró irúgbìn dúdú ni, kí n máa kán an sí imú. Ìyàwó Àlàájì ní àgbo. Obìnrin tó ń gbé yàrá iwájú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ní pásítọ̀ òun lè gba àdúrà lórí fóònù. Kò sí ẹni tí kò ní oògùn, kò sì sí ẹni tí oògùn rẹ̀ jẹ́ pé ká lọ rí dókítà.

Ràbí kò gbà. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àlàájì lọ́jọ́ Jímọ̀, níṣojú gbogbo wọn. "Àlàájì, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín. Òórùn tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbọ́, àìsàn ni."

Àlàájì wò ó títí. "Haba, Ràbí. Bàbá tó bí ìyá ẹ lò ń pè ní àìsàn?"

N kò gbe ọmọ mi lẹ́yìn, torí pé mo fẹ́ràn òórùn náà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé òótọ́ ló ń sọ.

Ìṣó ló parí àríyànjiyàn yẹn. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, òórùn náà dé, ó le ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀. Mo ti fi ojú lu páálí ìṣó, mo ti gé ahọ́n ara mi jẹ, aṣọ mi sì tutù. Kofi ti fi tìmùtìmù àga tó ń ṣe lọ́wọ́ sábẹ́ orí mi. Ó ń fi pákó fẹ́ mi, ó ń sọ pé, "Due, Maame, due," bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Òun ló pe Ràbí, òun ló dá takisí dúró. Kò sun tùràrí kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì tò ní ọsibítù ńlá rí, ẹ jẹun kúrò nílé. A ti débẹ̀ kí oòrùn tó yọ, a sì bá èrò tó ti jókòó níwájú wa bí ẹni tó sùn síbẹ̀. Wọ́n ní ká lọ gba káàdì. A dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ wọn ìfúnpá. A dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì ní káàdì wa dà? Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí bàjẹ́, wọ́n ní ká padà wá. A padà wá, ó ti dára, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kò sí. Lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo ẹni tó jókòó tì mí ló bi mí ohun tó ń ṣe mí, gbogbo wọn ló sì ní ewé tó ń wò ó. Mo rí dókítà púpọ̀ níbẹ̀ kí n tó rí dókítà.

Nígbà tí mo rí i, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni. Ó wo àwòrán náà pẹ́, ó wá bi mí ní Twi bóyá òórùn kan máa ń ṣáájú kí ara mi tó yí padà. Ẹnu yà mí. Mo sọ ìtàn àtùpà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Ràbí ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mí kí n gé e kúrú. Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní àwọn kan máa ń ní rọ́bà tó ń jó ni àwọn ń gbọ́, àwọn kan á ní irun tó jóná, pé kálukú ló ń fi ohun tó mọ̀ nílé sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní kókó kan ló hù sínú orí mi, kò ju ekùrọ́ ńlá lọ, ibi tí òórùn ń gbà wọ ọpọlọ ló lúgọ sí, ó sì ń dàgbà. Bí wọn kò bá yọ ọ́, yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, lẹ́yìn náà yóò gba ẹ̀mí.

Mo pe ẹbí jọ. Àlàájì gbọ́ ọ tán, ó mi orí. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Sàfù."

Mo ní wọn kò ní bẹ́ ẹ, wọ́n kàn máa là á ni.

"Bí wọ́n bá yọ ọ́," ó ní, "Bàbá ni wọ́n yọ yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. O fẹ́ tún lé e kúrò ní Kùmásì lẹ́ẹ̀kejì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ìbínú ló gbà mí là. "Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "orí mi kì í ṣe àtùpà tí ẹ ó máa tàn ní Jímọ̀, Jímọ̀. Bí mo bá kú, ta lẹ máa jókòó yí ká?"

Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹbí tó ń rówó ra tùràrí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kò rówó mọ́. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo tà, Ràbí yá kún un, Kofi náà lọ bá àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá ra ìṣó tí wọn kò tíì nílò.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má tàn yín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n fá orí mi tán, tí afẹ́fẹ́ sì ń tutù lórí ibi tí irun ti wà, kì í ṣe ikú ni mò ń rò. Ohun tí mò ń rò ni pé wọ́n lè gbẹ́ ìgbà èwe mi mọ́ kókó náà, kí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ dànù pọ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo ń kà á fún ara mi bí ọmọ iléekéwú: bùtá, bàtà táyà, àtùpà, kókó, kósé, fèrè, kanfọ̀.

Nígbà tí mo lajú, Ràbí ló wà níwájú mi. Ẹnu mi wúwo. Mo ní kó bi mí pé kí ni obìnrin Hausa yẹn máa ń kiri láàárọ̀. Ó rò pé orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n ó bi mí. Mo ní, "Kókó." Mo wá bú sẹ́kún, òun náà bú sẹ́kún, nọ́ọ̀sì sì lé e síta.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mò ń lo oògùn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, n kì í fò ó. Ojú àpá máa ń yún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ó máa ń tètè rẹ̀ mí, àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣì máa ń sá pamọ́ fún mi, wọ́n sì máa ń padà bí mo bá fara balẹ̀ dè wọ́n. Mo ti padà sí Anloga Junction, mò ń ta ìṣó mi. Dókítà ṣì ń wò mí lóòrèkóòrè. Òórùn náà kò wá mọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kódà kó jẹ́ òórùn ìyá yín, ẹ dìde kí ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ mú ọmọ tó lágídí dání lọ.

Àlàájì padà wá nígbẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé fi omi fọ̀. Ṣùgbọ́n kò yé e bọ̀rọ̀. Gbogbo Jímọ̀ tó bá wá, tó bá ti kí mi tán, á rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò wá mọ́ rárá?" Mo ní rárá. Á mí kanlẹ̀, á wo ìṣó tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì máa wo orí mi bí ẹni pé mo jí nǹkan òun.

Ó sú mi. Mo rán Ràbí sí ọjà, ó bá mi ra àtùpà pupa kan níbi tí wọ́n ti ń tà á fún àwọn ará oko. Mo rọ kẹrosíìnì sí i. Nígbà tí Àlàájì dé ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo tàn án ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, mo jẹ́ kó jó dáadáa, mo gbé e ka iwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kó gbé gíláàsì sókè kó fẹ́ ẹ.

Ó wò mí bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé e sókè, ó fẹ́ ẹ. Fúù.

Èéfín náà gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì Ráájì, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán, rọra jókòó sórí sìmẹ́ńtì bí ọmọ kékeré. "Okùn bàtà Bàbá ti òsì já," ó ní. "Wáyà ló fi so ó. Orí ẹní ni mo wà tí mo ń wò ó."

Mo ti gbàgbé wáyà yẹn pátápátá. Nínú gbogbo Jímọ̀ tí wọ́n fi jókòó tì mí, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "àtùpà kan ṣoṣo lẹ nílò láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ wá ń wá a nínú orí mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí agbádá nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, nígbà tó bá dé sí mi. Mo tẹ̀ síwájú, mo fa èéfín náà símú dáadáa. Kò jọ ọ́ rárá. Tinú orí mi máa ń korò, ó máa ń dà bí nǹkan tí kò yẹ kó jóná tó ń jóná. Èyí rọ̀, epo wà nínú rẹ̀.

"Rárá," mo ní. "Èyí ni Bàbá. Ìyẹn, àìsàn ni."

Ó dìde, ó fi àtùpà náà kọ́ ìṣó. Èmi wọlé lọ, mo lo oògùn ìrọ̀lẹ́ mi.